Ibi tí bíárìn ń jókòó lé ni kó le, kì í ṣe gbogbo ara ṣáàfù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà ọ̀wọ́n bébà. Lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Ìkọ̀lé-Èkìtì ló mú mi jókòó kọ èyí. Ó ní àwa tọ́nà (àwa tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin) tó wà ní Adó ti di gbájúẹ̀. Ó ní ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí, tí a ń tọ́ọ̀nù fún ẹ̀rọ tí ìyàwó òun fi ń rin ẹ̀gẹ́, bí kò bá jẹ lónìí, á ṣẹ́ lọ́la. Ó wá gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣòfin, pé irin tó le gbagidi láti awọ títí dé mùdùnmúdùn nìkan ni kí tọ́nà kankan máa lò fún oníṣẹ́ gààrí.

Èébú yẹn kò dùn mí púpọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ nígbà tí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó ṣì wà nínú agbọ̀n, ẹ jẹ́ kó bú ẹni tó bá wù ú. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti bó kì í dúró de tọ́nà. Ìmọ̀ràn tó gba ìjọba ni mo ní ìjà pẹ̀lú. Bí a bá ṣe ohun tó wí, ṣáàfù tó máa ṣẹ́ yóò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìyàwó rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ pariwo.

Lẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gbẹ́ ẹ, ni èmi tí mò ń kọ̀wé yìí fi ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó jáde ní Adó lọ sí Ìyìn. Kì í ṣe ti gààrí nìkan ni wọ́n ń gbé wá bá mi: ṣáàfù ẹ̀rọ epo pupa ń wá láti Ìjerò, ti ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì ń wá láti Ìgbẹ́mọ, ti àwọn tó ń lọ ata ní Ọjà Ọba, ti àwọn tó ń la gẹdú, àti ti ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù tó máa ń gbọ̀n jìgìjìgì látàárọ̀ dalẹ́. Àìsàn méjì péré ló ń ṣe gbogbo wọn. Ọ̀kan ni kó jẹ, èkejì ni kó ṣẹ́. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. "Ọ̀gá tọ́nà, ṣáàfù yín ti lọ" ni gbogbo wọn máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn ọ̀kan ni májèlé èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tó jẹ. Bí wọ́n bá gbé e dé, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ ṣì pé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àfi ibi tí bíárìn (òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tó ń gbé ṣáàfù bó ṣe ń yí) jókòó lé àti ibi tí ètè síìlì (rọ́bà tó ń dí omi mọ́ ìta) ń ha. Omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, kíkan rẹ̀ sì ń jẹ irin. Bó bá ti rí ọ̀nà gba abẹ́ síìlì wọlé, á fọ gíríìsì inú bíárìn dànù, ìpẹtà á mú bọ́ọ̀lù rẹ̀, bíárìn á sì gan. Bó bá ti gan, òrùka inú rẹ̀ tó yẹ kó di ṣáàfù mú á bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lórí rẹ̀. Òrùka bíárìn jẹ́ irin tó le tó nǹkan bíi 60 lórí òṣùwọ̀n Rockwell C, tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe le tó. Ṣáàfù màíldì sítíìlì tí a fi sábẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ le tó ohun tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n. Ta ni yóò jẹ ta ni? Mo ti yọ bíárìn lára ṣáàfù tó jẹ́ pé èékánná mi wọ inú kòtò tó gbẹ́ sí i, tí ìyẹ̀fun irin pupa sì ń dà sílẹ̀ láti abẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ṣẹ́ yàtọ̀. Ó lè má jẹ rárá. Ẹ gbé e wò, bíárìn ṣì jókòó dáadáa, àmọ́ ṣáàfù ti di méjì. Ibi tó máa ń yàn láti ṣẹ́ kò pọ̀: ẹnu ojú kíì (kòtò tí a gbẹ́ fún irin kékeré tó ń so púlì mọ́ ṣáàfù), ibi tí a ti tọ́ọ̀nù rẹ̀ láti orí ìsanra kan bọ́ sí òmíràn tí igun ibẹ̀ sì mú, tàbí etí ibi tí wẹ́dà ti kùn ún. Gbogbo ìgbà tí ṣáàfù bá ń yí ni bẹ́líìtì ń fà á tẹ̀, ìhà òkè á di ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á di òkè. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á là níbi igun yẹn, á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, títí ohun tó kù kò fi ní lè gbé ẹrù mọ́. Ọmọ tó ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ á wá ṣèèṣì ti òkúta mọ́ ọn, ó parí nìyẹn.

Ẹ wá fi irin tó le látòkè délẹ̀ síbẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n ti Ìkọ̀lé ṣe fẹ́. Kò ní tètè jẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin tó bá le tó bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá fi lè là báyìí, kò sí ohun tó máa dá a dúró lọ́nà. Inú irin tí kò le jù ló ń gba agbára òkúta yẹn mọ́ra. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rọ gààrí ń bẹ̀ wá fún ni awọ líle tí kò jìn ju mílímítà díẹ̀ lọ, níbi tí bíárìn àti síìlì wà nìkan. Kí inú rẹ̀ àti ìyókù ara rẹ̀ wà bó ṣe wà.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí kí lẹ́ẹ̀tì kankan tó wọ Èkìtì. Ẹni tó bá mọ Ìrè, ìlú Ògún Onírè, tó sì ti jókòó ti alágbẹ̀dẹ rí, yóò ti rí bó ṣe ń ṣe àdá. Ẹnu àdá ló ń tì sínú ẹyin iná, ẹnu náà ló ń rì bọ omi tó fi ń ké ṣàà. Ẹ̀yìn àdá kì í bá wọn débẹ̀. Àdá tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá le bí ẹnu rẹ̀, ìdí kùkùté àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀ bá fi gé ni yóò kú sí. Ohun kan náà là ń wá lára ṣáàfù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ṣáàfù rí róbótó. Bí ẹ bá tì í sínú iná èédú, tàbí tí ẹ gbé iná gáàsì tí a ń lò lẹ́bàá títì tì í, ooru á ti wọ inú rẹ̀ lọ tán kí awọ rẹ̀ tó pọ́n tó bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá wá rì í bọ dírọ́ọ̀mù omi, ibi tí ẹ fẹ́ àti ibi tí ẹ kò fẹ́ ló máa le, á sì lọ́. Mo ti gbé irú rẹ̀ sórí lẹ́ẹ̀tì rí, ó ń mì lọ mì bọ̀ débi pé kò sí bíárìn tó lè gbà á.

Iná mànàmáná ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1831 ni Michael Faraday ti fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí agbára òòfà bá ń yí padà, iná á sán nínú bàbà tàbí irin tó wà nítòsí rẹ̀, láìsí pé ohunkóhun fara kàn án. Iná tó bá sán nínú irin báyìí ló ń mú un gbóná. Láàrin ọdún 1930 sí 1939 ni ilé iṣẹ́ Ohio Crankshaft ní ìlú Cleveland, Amẹ́ríkà, ti ń fi ọgbọ́n yìí sọ ojú kíráǹkì ẹ́ńjìnnì di líle, níbi tí bíárìn ti ń gùn ún. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe kíráǹkì, káàmù àti áàsù (ọ̀pá tó ń yí táyà) ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ìńdọ́kṣọ̀n ni wọ́n ń pè é.

Ohun èlò rẹ̀ kò nira láti lóye bí ẹ bá dúró tì í. Páìpù bàbà tó ní ihò nínú, irú èyí tí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ń lò, ni wọ́n tẹ̀ di òrùka kan tàbí méjì. Ṣáàfù á wọ àárín rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fara kàn án. Àlàfo tó wà láàrin wọn kò ju mílímítà díẹ̀ lọ. Omi tútù ń ṣàn nínú páìpù náà ní gbogbo ìgbà, nítorí bí kò bá sí i, bàbà yẹn fúnra rẹ̀ lè yọ́. Iná tó ń gba inú bàbà kọjá kì í ṣe irú èyí tó ń tan gílóòbù wa. Tilé wa ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ẹ̀rọ yìí lè tó ìgbà 10,000, ó sì lè tó 200,000. Bó bá ṣe ń yára tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń sán lára ṣáàfù ṣe ń sá fún inú rẹ̀, tó ń rọ̀ mọ́ awọ. Ní 10,000, awọ tó máa le lè jìn tó mílímítà 3; ní 200,000, bíi mílímítà 1 ni.

Èkó ni mo ti fojú ara mi rí i. Wọ́n gbé ṣáàfù náà nàró, wọ́n fi ṣóńṣó irin há a lókè àti nísàlẹ̀, ó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́. Ọmọkùnrin tó ń lò ó tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ sì ń kùn. Kò sí èéfín, kò sí ahọ́n iná. Ibi tó wà láàrin òrùka bàbà yẹn ṣú, ó pọ́n, ó di àwọ̀ ọsàn tó ń mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ láàrin ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè wí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Bí ibẹ̀ ṣe pọ́n tán, omi tú sí i lára láti inú òrùka kejì tó ní ihò wẹ́wẹ́ yí ká, èéfín omi sì gbalẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ọwọ́ ọmọ náà. Kí omi tó dé, ó ti fi ìka kan ara ṣáàfù kan náà lókè, ibi tí kò jìnnà sí ibi tó pọ́n rárá, ó sì ń wò mí rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ṣì tútù. Ooru kò tíì ráyè rìn débẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, mo gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ha ibi tí wọn kò jó, fáìlì mú un, ó bó. Mo sún un wá sí ibi tí wọ́n jó, fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, ó ń dún ṣíìn, kò rí nǹkan kan mú. Ìlà ìpààlà wọn ò sì ju ìbú ìka lọ.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Bí irin bá gbóná dé nǹkan bíi 770°C, òòfà kì í fà á mọ́. Láti ìgbà náà lọ, iná inú rẹ̀ á wọlé jìn díẹ̀ sí i, pípọ́n rẹ̀ á sì falẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti tó, á tú omi sí i, irin kò sì ní le bó ṣe yẹ. Ó gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ dé 850 sí 900. Ní irú ooru bẹ́ẹ̀, kábọ́ọ̀nù (èròjà tó pọ̀ nínú èédú) tó wà nínú irin á tú ká inú rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, kábọ́ọ̀nù á kóra jọ sọ́tọ̀ nínú irin, irin á padà rọ̀. Bí omi bá bá a lójijì, kò ní ráyè kóra jọ, á há síbẹ̀. Irin tí kábọ́ọ̀nù há sí nínú báyìí ni wọ́n ń pè ní martensite, wọ́n fi orúkọ Adolf Martens ará Jámánì pè é. Irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ bá tó, ó lè dé 55 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Rockwell C lójú ibẹ̀, tó fi jẹ́ pé òun àti òrùka bíárìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹgbẹ́. Awọ líle yìí tún máa ń wú díẹ̀ nígbà tó bá ń le. Inú tí kò wú á sì di í mú, awọ á wá há gádígádí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í tètè rí àyè là níbi tó bá há báyẹn. Ẹ ò rí i pé ohun tí a ṣe nítorí kó má baà jẹ tún ń gbà á lọ́wọ́ kó ṣẹ́, bí ibi tí a ṣe é sí bá tọ̀nà.

Àmọ́ gbogbo irin kọ́ ló ń gbọ́ èdè yìí. Èyí tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ wà láàrin 0.35 sí 0.55 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń lò, irú èyí tí wọ́n ń tà ní EN8 tàbí C45. Màíldì sítíìlì tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò kọjá 0.2, ẹ lè fi iná kùn ún títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní le dé ibi kankan tó wúlò. Tọ́nà tó bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ẹ̀rọ fílínì kàn án: ti màíldì, ẹ̀ta iná rẹ̀ á lọ gbọọrọ, á sì kú, ti oníkábọ́ọ̀nù á máa yẹka, á máa bú wẹ́wẹ́ lópin.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa fi ojú burúkú wò mí nípàdé. Ọ̀pọ̀ wa kì í ra irin tuntun. Áàsù ọkọ̀ àlòkù là ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀. A ó wá sọ fún oníbàárà pé, "Màmá, áàsù ni mo fi ṣe é, irin ọkọ̀ akẹ́rù ni, kò lè kú." Irọ́ kọ́, áàsù ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí lẹ́ẹ̀tì. Bí túùlù bá kọ́kọ́ kan ara áàsù yẹn, á han, ẹnu rẹ̀ á di búlúù, á kú. A ní láti gbé tíípù kábáìdì (ẹnu túùlù tó le gan-an) sí i. Lẹ́yìn tí a bá ti gé e wọlé díẹ̀, ariwo á rọlẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí bó gbọọrọ, ọmọṣẹ́ á mí kanlẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ó ti rọ̀ o." Kí ló rọ̀? Awọ tí wọ́n fi ìńdọ́kṣọ̀n sọ di líle ni ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá dà sínú páànù. Áàsù tó sanra tó mílímítà 38, tí a wá tọ́ọ̀nù dé 25 kí bíárìn 6205 lè wọ̀ ọ́, mílímítà 6 àti ààbọ̀ la ti yọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Kí ló kù nínú líle rẹ̀? Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní sùúrù ti tíípù. Inú iná èédú ni wọ́n ń kó áàsù sí mọ́jú, kó rọ̀ pátápátá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Orúkọ áàsù nìkan ni oníbàárà gbé lọ sílé.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kábọ́ọ̀nù ṣì wà nínú irin yẹn, kò lọ síbì kankan. Irin tó ṣeé sọ di líle padà ni, níbi tí ó yẹ gan-an, lẹ́yìn tí a bá ti tọ́ọ̀nù rẹ̀ tán. A kàn ń gbé e fún oníbàárà kí iṣẹ́ tó parí ni.

Ti wẹ́dà ńkọ́? Bí ibi ìjókòó bíárìn bá jẹ, wẹ́dà á fi igi wẹ́dìn kùn ún yí ká, tọ́nà á fá a padà sí ìwọ̀n. Ó yá, ó pọ́ọ́kú, oníṣẹ́ gààrí á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. N kò bá ẹni tí ebi ń pa jà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ rà. Irin tí igi wẹ́dìn lásán fi síbẹ̀ rọ̀, yóò tún jẹ. Bí ṣáàfù náà bá sì jẹ́ oníkábọ́ọ̀nù, etí ibi tí wẹ́dìn parí sí ti gbóná rekọjá, ara ṣáàfù tó tutù tó yí i ká ti fa ooru rẹ̀ mu lójijì, gẹ́gẹ́ bí omi ìbá ti ṣe é. Ibẹ̀ á le, á sì gbẹ ganrangan, níbi tí kò sí ẹni tó fẹ́ kó le. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ wẹ́dìn ni ṣáàfù tí a kùn sábà máa ń ṣẹ́, tí kì í ṣe àárín rẹ̀. Ó tọ́ kí wẹ́dà sọ èyí fún onínǹkan kó tó tanná. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kó fi iná gáàsì yan ṣáàfù náà gbóná dáadáa ṣáájú, kó sì bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó lè tutù díẹ̀díẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìńdọ́kṣọ̀n kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ojú kíì ni èèwọ̀ àkọ́kọ́. Iná máa ń kóra jọ sí etí rẹ̀ tó mú, á gbóná ju ìyókù lọ, bí omi bá sì dé, á là. Kí wọ́n ki bàbà bọ ojú kíì náà, tàbí kí wọ́n dá iná dúró kó tó débẹ̀. Igun tí ṣáàfù ti ń bọ́ láti ìsanra kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ rí róbótó, ibi líle kò sì gbọ́dọ̀ parí sí gẹ́rẹ́ ojú igun yẹn. Irin tó ní nǹkan mìíràn nínú lẹ́yìn kábọ́ọ̀nù, irú EN19, omi lásán lè là á; omi tí a pò pọ̀ mọ́ pólímà (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀) ni wọ́n ń tú sí i. Àwọn tó ń ronú láti fín ọ́ìlì kọńdẹ́ẹ̀mù sí irin tó pọ́n, ẹ rántí pé iná ń gbé ọ́ìlì. Èyí tí mo rí táwọn ènìyàn máa ń fò ni yíyan padà: bí ṣáàfù bá ti le tán, kí wọ́n gbé e sínú ààrò tó wà láàrin 150 sí 200°C fún nǹkan bíi wákàtí kan. Líle rẹ̀ kò ní dín kù púpọ̀, àmọ́ gbígbẹ rẹ̀ á rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó lọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n, nítorí náà kí tọ́nà fi ẹran díẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀.

Èkó ni àwa tó fẹ́ ṣe é dáadáa ń fi ṣáàfù ránṣẹ́ sí báyìí. A ó gbé e lọ sí gáréèjì, a ó sanwó wébíìlì, a ó máa fóònù lé e kiri. Iye tí a ń ná lórí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ máa ń ju ti iná tí wọ́n fi jó o lọ. Ta ni oníṣẹ́ gààrí tó máa dúró dè é? Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 15 wà, orí tábìlì ló ń jókòó sí, ó sì tó fún púpọ̀ nínú ṣáàfù wa bí a bá ń mú ojú ìjókòó bíárìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kílówáàtì 15 kì í ṣe iná tí a máa fi jẹnẹrétọ̀ kékeré "ẹ fa okùn kí n gbéra" gbé o. Ọ̀pọ̀ tọ́nà kò lè dá a rà, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ló máa ṣe fún gbogbo wa.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe òfin lórí irin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tó ti wà ní Adó láti 1982, àti àwọn tó ń kọ́ ẹnjiníà ní fásitì, máa ń wá ṣe àìtíì nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n mọ martensite jù mí lọ lórí ìwé. Mo ti jókòó tì wọ́n gbọ́ ọ. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní irú ẹ̀rọ yìí ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́, a ó máa sanwó. Bí kò bá sí, owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tuntun pín, kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fi ra ẹyọ kan, kí wọ́n gbé e síbi tí iná féèsì mẹ́ta àti omi wà. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n bá pín, ọ̀dọ̀ wa náà ni ṣáàfù rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Kí ẹgbẹ́ wa ní Èkìtì sì gbà pé bí ẹnikẹ́ni bá gba owó ṣáàfù líle, kí ó fi fáìlì ha ibi ìjókòó bíárìn lójú oníbàárà kó tó gbé e fún un. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí fáìlì bá mú ṣáàfù rẹ̀, kó gba owó màíldì.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkọ̀lé, bí ṣáàfù ìyàwó yín tó ṣẹ́ bá ṣì wà nílé, ẹ má tà á fún onírin àjákù. Ẹ fi ọ̀rá wé ojú méjèèjì tó ti ṣẹ́, ẹ má nù ún, ẹ má sì tò wọ́n pọ̀ láti wò ó bóyá wọ́n ṣì bára mu, nítorí ìyẹn ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé e wá sí Adó. Bí apá kan ojú yẹn bá dán tó ní ìlà róbótó lórí ara wọn, tí ìyókù sì rí ṣákaṣàka, ó ti pẹ́ tó ti ń là kó tó ṣẹ́; ibi tí ìlà wọ̀nyẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni a ó máa wá, bóyá ẹnu ojú kíì ni tàbí ẹ̀gbẹ́ wẹ́dìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí hóró-hóró tó ń dán wínníwínní látetí dé etí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnìkan ti sọ ọ́ di líle látòkè délẹ̀, tí kò sì yan án padà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń fẹ́ kí ìjọba fi ṣòfin. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, a ó jọ wò ó lójú ìmọ́lẹ̀, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí wíwò.

Èmi ni tiyín,
Tọ́nà kan lójú ọ̀nà Ìyìn,
Adó-Èkìtì.